Àgbà Tí Ó Wà Lọ́jà ní Bẹ́tílẹ́hẹ́mù

Mo mọ̀ pé ní alẹ́ yìí tí í ṣe àìsùn Kérésìmesì, ọwọ́ kò dilẹ̀ nínú ilé púpọ̀: àwọn ìyá ń ṣa òkúta kúrò nínú ìrẹsì, àwọn ọmọdé ń ṣú lé télọ̀ lórí kí aṣọ wọn má baà di ọ̀túnla, àkùkọ tí a so mọ́ ẹsẹ̀ àga lẹ́yìnkùlé sì ń wo ọ̀run bí ẹni pé ó ti gbọ́ ohun tí a ń sọ. N kò ní dá iṣẹ́ yín dúró. Ọwọ́ ni kí ẹ fi máa ṣiṣẹ́, kí ẹ sì yá mi ní etí.

Ìyá tí ó bí ìyá mi kò mọ ìwé kà. Síbẹ̀, kò sí òwúrọ̀ kan tí mo sùn lọ́dọ̀ rẹ̀ tí n kò jí bá a lórí àpótí lẹ́bàá ààrò, tí ó fi aṣọ bora dé èjìká nítorí ọyẹ́, tí ètè rẹ̀ ń mì lemọ́lemọ́ láìjẹ́ pé etí ẹnikẹ́ni gbọ́ ohùn kan lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tí mo kéré, mo rò pé obì ni ó ń jẹ. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, mo na ọwọ́ sí i pé kí ó fún mi ní awẹ́ kan nínú rẹ̀. Ìyá àgbà ya ẹnu rẹ̀ sílẹ̀ kí n lè wò ó dáadáa, n kò sì rí nǹkan kan níbẹ̀ ju eyín díẹ̀ tí ó kù ún kù lọ. Ó ní, “Ọmọ mi, Sáàmù ni mo ń jẹ.” Ó ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tí ń kà á ní ṣọ́ọ̀ṣì fún ọdún gbọọrọ títí ó fi mọ̀ ọ́n lórí, a sì máa jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀ láràárọ̀ kí ó tó fi ẹnu kan ohunkóhun mìíràn.

Ó pẹ́ lẹ́yìn èyí kí n tó ka ìwé Sámúẹ́lì kìíní, kí n tó rí ẹni tí ìyá àgbà jọ. Ìtàn náà kì í ṣe àjèjì sí wa. Ọkùnrin kan wà ní ilẹ̀ òkè Éfúráímù tí ń jẹ́ Elikánà, ó ní ìyàwó méjì, Hánà àti Pẹ̀nínà; Pẹ̀nínà bímọ, Hánà kò bí. Kò sí ìdí tí n óò fi ṣe àlàyé gígùn fún ọmọ Yorùbá nípa ohun tí ojú obìnrin ń rí nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, nítorí pé àwa náà mọ orin òwe tí orogún fi ń gún ọkà, a sì mọ ọ̀rọ̀ kòbákùngbé tí a máa ń sọ sí ọmọ kí ìyá tí kò bí lè gbọ́ ọ. Lọ́dọọdún ni gbogbo ilé máa ń gòkè lọ sí Ṣílò láti rúbọ sí Olúwa, lọ́dọọdún náà ni Pẹ̀nínà sì ń fi àìbímọ gún ojú ọgbẹ́ Hánà, tí ó fi jẹ́ pé ọjọ́ tí tọmọdé tàgbà ń jẹ tí wọ́n ń mu, ọjọ́ náà gan-an ni Hánà kì í lè gbé òkèlè kan mì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọkàn sí èyí: ọjọ́ ọdún ni ọjọ́ ẹkún rẹ̀. Elikánà fẹ́ràn rẹ̀, ó sì pàrọwà fún un, ó bi í léèrè pé ṣé òun nìkan kò tó ọmọ mẹ́wàá fún un ni. Ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ni, n kò bú u. Ṣùgbọ́n Elikánà ti ní ọmọ lọ́dọ̀ Pẹ̀nínà, ikùn tí ó sì ti yó kì í mọ̀ bí ebi ti ń pa ẹnìkejì tó.

Nígbà tí wọ́n jẹun tán ní Ṣílò, Hánà dìde, ó lọ sí ilé Olúwa níbi tí Élì àlùfáà jókòó sí lẹ́bàá òpó ilẹ̀kùn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà pẹ̀lú omijé. Ètè rẹ̀ ń mì, a kò gbọ́ ohùn rẹ̀. Élì, ẹni tí irun ti funfun lórí rẹ̀ nínú iṣẹ́ Ọlọ́run, wò ó títí, ó sì rò pé ọtí ni ó ń pa á. Mo ti sọ fún yín pé èmi rò pé obì ni. Èsì tí obìnrin náà fún àlùfáà kún fún ọ̀wọ̀, kò sì ní ìbínú nínú: ó ní kì í ṣe ọtí, ìbànújẹ́ ni, ọkàn òun ni òun ń tú jáde níwájú Olúwa. Ọ̀rọ̀ Hébérù tí a túmọ̀ sí ọkàn níbẹ̀ ni nefesh, ọ̀rọ̀ tí ó ń tọ́ka sí ọ̀fun, ọ̀nà tí oúnjẹ àti èémí ń gbà, kí ó tó wá di ẹ̀mí, kí ó tó di ènìyàn fúnra rẹ̀ pátápátá. Àwa tí ó jẹ́ pé láti inú mímí ni a ti rí ẹ̀mí kò ní fi èyí ṣe ìyanu. Obìnrin tí òkèlè kò lè gba ọ̀fun rẹ̀ kọjá ní ọjọ́ ọdún ni ó wá tú ọ̀fun yẹn kan náà dà sílẹ̀ níwájú Ọlọ́run bí ẹni da omi akèrègbè.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ rí pẹ̀lú Sáàmù tí ìyá àgbà ń jẹ. Sáàmù kìíní yin ẹni tí òfin Olúwa kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀ ní ojúmọmọ àti ní òru, Bíbélì wa sì pe ohun tí ẹni náà ń ṣe ní àṣàrò. Ọ̀rọ̀ dáadáa ni, ṣùgbọ́n àṣàrò lè dákẹ́ sínú lọ́hùn-ún, nígbà tí ọ̀rọ̀ Hébérù tí ó wà níbẹ̀, hagah, kò dákẹ́ rárá. Òun ni ìwé wòlíì Àìsáyà fi sọ bí àdàbà ti ń ké ìkérora, òun kan náà ni ó sì fi sọ bí kìnnìún ti ń kùn lórí ẹran tí ó pa. Kíkùn ni, kíkùn tí ó ń ti ọ̀fun wá, tí ètè ń ràn lọ́wọ́, bí ẹni tí ó ń jẹ ohun tí kò fẹ́ kí ó tètè tán lẹ́nu òun. Mo máa ń rò ó pé obìnrin tí kò rí lẹ́tà Hébérù kan rí láyé rẹ̀ ti mọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ yẹn ju ọ̀pọ̀ àwa tí a lọ sí ilé ìwé lọ.

Àwọn àgbà olùkọ́ Júù, tí ọ̀rọ̀ wọn wà nínú àkójọ ńlá tí wọ́n ń pè ní Talmud, jókòó ti ìtàn Hánà yìí pẹ́, wọ́n sì ní láti ara rẹ̀ ni a ti kọ́ bí a ti í gbàdúrà: kí ọkàn wà níbi tí ẹnu wà, kí ètè mì, kí a má ṣe pariwo lé Ọlọ́run lórí. Ẹ rò ó wò. Àwọn ọkùnrin ọlọ́gbọ́n wọ̀nyí, tí wọ́n mọ òfin Mósè láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò lọ wá ẹni tí yóò kọ́ wọn ní àdúrà láàrin àwọn ọba tàbí àwọn wòlíì. Ọ̀dọ̀ obìnrin tí àlùfáà ṣì fún ọ̀mùtí ni wọ́n ti rí olùkọ́. Títí di òní olónìí, ní ọjọ́ kìíní ọdún tuntun àwọn Júù, ìtàn Hánà ni wọ́n ń kà nínú sínágọ́gù lẹ́yìn òfin Mósè, nítorí náà kí á má ṣe rò pé ìwé tí a jogún yìí ti bọ́ lọ́wọ́ àwọn tí ó kọ́kọ́ ni ín. Ó wà lẹ́nu wọn, wọ́n ń fi í gbàdúrà, ó sì yẹ kí á fi ọ̀wọ̀ bá wọn dì í mú.

Ohun kan tún wà tí àwọn olùkọ́ náà sọ tí ó wọ̀ mí lára gidigidi. Wọ́n ní láti ọjọ́ tí Ọlọ́run ti dá ayé, kò sí ẹni tí ó pè é ní Olúwa àwọn ọmọ-ogun nínú àdúrà kí Hánà tó pè é bẹ́ẹ̀. Àwa ọmọ Yorùbá kò ní jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí kọjá bí afẹ́fẹ́, nítorí pé a mọ ohun tí oríkì ń ṣe. Àwa tí a ń pè é ní Ọba Àwámárìídìí, Atẹ́rẹrẹ-kárí-ayé, Ọba tí ń wí tí kì í yẹ ohùn, mọ̀ pé ẹni tí ó bá fi oríkì tuntun ki Ọlọ́run ti rí ojú kan lára rẹ̀ tí ẹlòmíràn kò rí. Kí ni obìnrin tí kò ní ọmọ kan ṣoṣo wá rí tí ó fi ń pe Ọlọ́run ní Olúwa ogunlọ́gọ̀? Ó wo ọ̀pọ̀ ẹ̀dá tí ó kún ọwọ́ Elédùmarè lọ́run àti láyé, ó sì ń bèèrè ẹyọ kan. Ẹ fi oríkì náà pamọ́ síbi kan, nítorí ní òru tí a bí Jésù, nígbà tí àwọn darandaran ń ṣọ́ agbo ẹran wọn nínú pápá, ọ̀wọ́ àwọn ọmọ-ogun ọ̀run ni Lúùkù sọ pé ó yọ sí wọn. Ogun tí Hánà fi ki Ọlọ́run ni ó wá kọrin lórí pápá Bẹ́tílẹ́hẹ́mù.

Ọlọ́run gbọ́, Hánà bí Sámúẹ́lì. Nígbà tí ó gba ọmọ náà lẹ́nu ọmú tán, ó mú un lọ sí Ṣílò, ó sì fi í fún Olúwa gẹ́gẹ́ bí ẹ̀jẹ́ rẹ̀; ìgbà náà ni ó kọ orin tí ó wà ní orí kejì ìwé náà, orin tí kò dá lórí ara rẹ̀ nìkan, tí ó jẹ́ pé ọrun àwọn alágbára ń ṣẹ́ nínú rẹ̀, tí ẹni tí ó yó lánàá ń gba iṣẹ́ ṣe nítorí àtijẹ, tí a sì ń gbé tálákà dìde láti orí ààtàn láti lọ bá àwọn ọmọ aládé jókòó. Lẹ́yìn orin ńlá yìí, Bíbélì sọ ohun kékeré kan tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fò kọjá. Lọ́dọọdún ni Hánà máa ń dá ẹ̀wù kékeré kan, tí ó sì ń mú un lọ fún ọmọ náà nígbà tí wọ́n bá ń lọ rúbọ. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń gbọ́ mi, ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ níbi tí ojú kò tó, báwo ni obìnrin ṣe ń mọ ìwọ̀n ọmọ tí ó ń rí lẹ́ẹ̀kan lọ́dún? Ó níláti máa fi ọmọ aládùúgbò wọn rẹ́gbẹ́, kí ó máa fojú wọn èjìká rẹ̀, kí ó máa jẹ́ kí apá aṣọ gùn díẹ̀ sí i nítorí pé ọmọ ń dàgbà. Ní tèmi, èmi gbà pé abẹ́rẹ́ tí ó ń wọlé tí ó ń jáde lára ẹ̀wù yẹn, àdúrà ni.

Ó pẹ́ gan-an lẹ́yìn náà, ọmọbìnrin kan ní Násárẹ́tì, Màríà, tí a fẹ́ sọ́nà fún Jósẹ́fù, gbọ́ ọ̀rọ̀ tí kò sí obìnrin tí ó gbọ́ irú rẹ̀ rí. Ó dìde kíákíá, ó gba ọ̀nà òkè Jùdíà lọ sí ọ̀dọ̀ Èlísábẹ́tì ìbátan rẹ̀, nígbà tí ẹni yẹn sì kí i tán, ó bú sí orin. Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ sí ìsìn alẹ́ ní ìjọ Áńgílíkà mọ orin náà dáadáa, ó wà nínú Ìwé Àdúrà. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe ni kí ẹ tẹ́ orin Màríà sí ẹ̀gbẹ́ orin Hánà bí ẹni tẹ́ aṣọ òkè méjì láti mọ̀ bóyá òfì kan náà ni a ti hun wọ́n. Àwọn alágbára ń já lulẹ̀ láti orí ìtẹ́ níhìn-ín, bí ọrun wọn ti ń ṣẹ́ lọ́hùn-ún. Ebi ń tán nílẹ̀ ẹni tí ebi ń pa, ọlọ́rọ̀ ń padà lọ́wọ́ òfìfo. Màríà kò jókòó kí ó máa wá ọ̀rọ̀ tuntun fún ohun tuntun tí Ọlọ́run ṣe. Ó na ọwọ́ sí àpótí àwọn ìyá rẹ̀, ó sì mú aṣọ tí ó ti rí omijé rí.

Èmi máa ń bi ara mi léèrè ìdí rẹ̀. Màríà kì í ṣe àgàn, kò ní orogún, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbèrú ni. Kí ni orin ẹni tí ó sunkún fún ọmọ títí wá fẹ́ ṣe lẹ́nu rẹ̀? Ohun tí mo rí ni pé kò fẹ́ nìkan yọ̀. Ó mọ̀ pé ayọ̀ tí Ọlọ́run fi sínú òun kì í ṣe ti òun nìkan, ti gbogbo ẹni tí a ti fi ṣe yẹ̀yẹ́ rí ní ọjọ́ ọdún ni, nítorí náà ó fi ohùn obìnrin tí a ṣẹ̀sín jù lọ nínú ìwé àwọn bàbá rẹ̀ kọ ọ́. Nígbà tí ọjọ́ ìyàsímímọ́ ọmọ náà sì pé ní Jerúsálẹ́mù, ìrúbọ tí Lúùkù dárúkọ fún un ni ẹyẹ méjì péré, èyí tí òfin inú ìwé Léfítíkù yọ̀ǹda fún obìnrin tí agbára rẹ̀ kò ká ọ̀dọ́ àgùntàn. Ẹni tí ó kọrin ẹni tí ebi ń pa kò kọ ọ́ láti òkèèrè.

Àwọn baba wa ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èyí ni ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá fún yín lálẹ́ yìí. A máa ń sọ̀rọ̀ Kérésìmesì bí ẹni pé ohun gbogbo di tuntun ní òru ọjọ́ kan, tí a ó sì pa Májẹ̀mú Láéláé dé títí di ọdún tí ń bọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọmọ tuntun yìí dé ọjà ayé, ta ni ó tọ́ orí rẹ̀ dúró? Ìwé àtijọ́ ni. Àwọn àgbà tí ó wà nínú tẹ́ḿpìlì ni, Síméónì tí ó gbà á sí apá rẹ̀, àti Ánà, wòlíì obìnrin, opó tí Lúùkù ka 84 fún iye ọdún rẹ̀, tí kì í kúrò nínú ilé Ọlọ́run. Ánà yìí, Hánà kan náà ni, ó kàn jẹ́ pé èdè Gíríìkì ni ó gé e kúrú. Oore-ọ̀fẹ́ ni ìtumọ̀ orúkọ náà, láti ara ọ̀rọ̀ yẹn kan náà sì ni a ti rí orúkọ Jòhánù ọmọ Èlísábẹ́tì. Ilé là á wò kí á tó sọ ọmọ lórúkọ: ẹ wo bí oore-ọ̀fẹ́ ti pọ̀ tó nínú ilé tí a bí Jésù sí. Nígbà tí ọmọ náà dàgbà, tí wọ́n kàn án mọ́ igi, tí kò sí agbára láti wá ọ̀rọ̀, inú Sáàmù ni ó ti fa ọ̀rọ̀ yọ. Ìyá rẹ̀ yá ẹnu àwọn àgbà láti fi yọ̀. Ọmọ náà yá a láti fi kú.

Ìtàn náà kò dúró sí Jerúsálẹ́mù. Ní ọdún 1821, ogun wọ ìlú Òṣogùn, ó sì kó ọmọkùnrin kan tí ń jẹ́ Àjàyí lẹ́rú pẹ̀lú ìyá rẹ̀ Afala àti àwọn àbúrò rẹ̀. A fi Àjàyí ṣe pàṣípààrọ̀ ẹṣin, a tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé Èkó, a sì kó o sínú ọkọ̀ àwọn Potogí ní ọdún 1822. Ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà á lójú òkun, ó gbé e lọ sí Sàró, níbẹ̀ ni ó ti ṣe ìrìbọmi ní oṣù Kejìlá ọdún 1825, tí a sì sọ ọ́ ní Samuel Crowther, orúkọ àlùfáà Gẹ̀ẹ́sì kan. Ní oṣù Kìíní ọdún 1844, lẹ́yìn tí ó ti di àlùfáà, ó ṣe ìsìn ní èdè Yorùbá nínú ṣọ́ọ̀ṣì ní Freetown, èrò sì pé jọ láti gbọ́ ohun tí etí kò gbọ́ rí. Ìwé tí ó mú láti fi wàásù ni ọ̀rọ̀ tí áńgẹ́lì sọ fún Màríà nípa ohun mímọ́ tí yóò bí. Nínú gbogbo Bíbélì, ọ̀rọ̀ Kérésìmesì ni ó kọ́kọ́ fi ẹnu ìyá rẹ̀ sọ lórí pẹpẹ ìwàásù. Òun tìkára rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pé bí ọmọ ọwọ́ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ̀rọ̀ sísọ ni òun rí lọ́jọ́ náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èdè abínibí òun ni. Nígbà tí ó súre tán, gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà pé, “Kí ó ṣẹ!”

Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ó ti wà ní Abẹ́òkúta. Ní ọjọ́ 21, oṣù Kẹjọ, ọdún 1846, ọ̀rọ̀ tí kàlẹ́ńdà àwọn Kristẹni yàn fún ọjọ́ náà wá láti inú Sáàmù kẹwàá, níbi tí a ti ń yin Ọlọ́run pé òun ni í ran ọmọ aláìníbaba lọ́wọ́. Crowther sọ pé òun kò mọ agbára ọ̀rọ̀ yìí rí bí òun ti mọ̀ ọ́n lọ́jọ́ yẹn, nítorí ọjọ́ náà ni ìyá rẹ̀ wá a dé, lẹ́yìn nǹkan bí ọdún 25. Wọn kò lè sọ̀rọ̀. Wọ́n jókòó, wọ́n ń wo ara wọn, ara ìyá ń gbọ̀n, omijé ń dà lójú wọn; nígbà tí ẹnu rẹ̀ sì gbọ̀rọ̀, ó di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú, ó ń fi àwọn orúkọ tí ìyá àgbà rẹ̀ fi ń pè é ní kékeré pè é, ìyá àgbà tí ó ti kú sí oko ẹrú. Ní ọjọ́ 5, oṣù Kejì, ọdún 1848, ìyá náà ṣe ìrìbọmi. Orúkọ tí a fún un ni Hánà.

Nítorí ọmọ rẹ̀ ń jẹ́ Sámúẹ́lì ni, ẹ ti mọ̀. Ṣùgbọ́n n kò lè ka orúkọ náà kí ara mi má ṣe bù máṣọ. Hánà ti Ṣílò ń rí ọmọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, ó sì ń rí ẹ̀wù dá fún un. Hánà ti Abẹ́òkúta kò rí tirẹ̀ ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, kò mọ bí ó ti ga tó, kò tilẹ̀ mọ̀ bóyá ó wà láàyè. Ọmọ yìí, pẹ̀lú àwọn tí ó bá a ṣiṣẹ́, ni ó sì wá túmọ̀ ìwé mímọ́ sí èdè wa, títí odindi Bíbélì Yorùbá fi jáde ní ọdún 1884. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí ìyá àgbà tèmi fi rí Sáàmù jẹ lẹ́bàá ààrò.

Ohun kan ń dùn mí, n óò sì sọ ọ́ nítorí pé àárín ẹbí ni a wà. Àwọn kan ti sọ Sáàmù di ògèdè: wọn a ní ka ti báyìí nígbà méje sínú omi, ka ti báyìí láàrin òru kí ọ̀tá lè ṣubú, bí ẹni pé iye ìgbà tí a kà á ni ó ń ṣiṣẹ́, tí kì í ṣe Ọlọ́run tí a kà á sí létí. N kò bú ẹni tí ó ń fi Sáàmù gbàdúrà ní òru. Ẹkún ni ó ń gbé ènìyàn dìde ní òru. N kò sì ní purọ́ pé kò sí ọ̀rọ̀ kíkan nínú wọn, ó wà níbẹ̀, orin Hánà pàápàá kò fi ọ̀tá pamọ́. Ṣùgbọ́n ẹ lọ ka ohun tí ó bèèrè ní Ṣílò. Kò dárúkọ Pẹ̀nínà níbẹ̀ rárá. Ọmọ ni ó bèèrè, kò bèèrè òkú, èyí tí ó sì gbà náà, ó dá a padà.

Ní ọ̀la, kí ẹ tó bu ìrẹsì, ẹ wo yíká ilé. Bí ẹnìkan bá wà níbẹ̀ tí òkèlè ọdún kò lè gba ọ̀fun rẹ̀ kọjá, ìbáà ṣe opó, ìbáà ṣe ẹni tí ń retí ọmọ, ìbáà ṣe ìyá tí kò gbọ́ ìró ọmọ rẹ̀ láti ẹ̀yìn odi, ẹ má ṣe bi í ní irú ìbéèrè tí Elikánà bi Hánà. Ẹ jókòó tì í. Ẹ ṣí ìwé Sámúẹ́lì kìíní sí orí kejì, kí ẹ ka orin Hánà sókè ketekete, kí ẹ sì ka orin Màríà tẹ̀ lé e nínú orí kìíní ìwé Lúùkù. Bí ojú àgbà kò bá ríran mọ́, kí ọmọdé kà á fún un. Bí ẹ bá kà á tán, ẹ fi ohun tí àwọn ará wa fi dáhùn ní Freetown dáhùn: Kí ó ṣẹ.